Dídín Kálórì Kù fún Ọdún Pípẹ́ àti Ọpọlọ Tó Ń Darúgbó

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bá sọ pé àwọn dín oúnjẹ ọ̀bọ kù fún ohun tó lé ní 20 ọdún, tí àwọn sì rí i pé ọpọlọ àwọn ọ̀bọ náà kò gbó tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń jẹ àjẹyó, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ní Èkìtì ń gbọ́ nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni pé ebi ń ṣe ọpọlọ lóore. Ọ̀rọ̀ náà ti gba orí WhatsApp, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, títí tí mo fi gbọ́ tí ọmọ kan ń bẹ ìyá rẹ̀ tó ti lé ní 70 ọdún pé, “Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹun alẹ́ mọ́, wọ́n ní òun ló ń jẹ́ kí ọpọlọ àgbà jí pépé.” Ìfẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà lè ṣe ìyá rẹ̀ ní jàǹbá, nítorí pé ohun tí a ṣe fún àwọn ọ̀bọ náà yàtọ̀ gidigidi sí ohun tí ó ní kí ìyá rẹ̀ máa ṣe.

Kálórì ni òṣùwọ̀n agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ. Gíráàmù kan èròjà afúnnilágbára, irú èyí tó pọ̀ nínú iṣu àti gààrí, ń fún ara ní kálórì 4. Iye kan náà ni gíráàmù kan èròjà amúaradàgbà, tó pọ̀ nínú ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin, ń fún un. Ṣùgbọ́n gíráàmù kan epo tàbí òróró ń fún un ní kálórì 9. Iṣu tútù tó wọn 100 gíráàmù ní kálórì bíi 118. Ẹni tó bá gún ìdajì kílò iṣu fún ara rẹ̀ nìkan ti jẹ kálórì tó sún mọ́ 600 kí a tó kan ọbẹ̀, epo pupa ṣíbí ńlá kan nínú ọbẹ̀ náà yóò sì fi bíi 120 kún un. N kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu iyán, nítorí pé oúnjẹ wa ni, àti pé àgbẹ̀ tó gun òkè lọ sí oko ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó sì kọ ebè láti àárọ̀ dọ̀sán, ń lo gbogbo agbára yẹn tán. Ọmọ rẹ̀ tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Adó-Èkìtì, tó ń gun ọ̀kadà lọ tó ń gun ọ̀kadà bọ̀, tí òkèlè rẹ̀ sì pọ̀ bíi ti bàbá rẹ̀, ni kálórì ń ṣẹ́kù sí lára.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìdínkù kálórì ni pé kí a mọ iye agbára tí ẹ̀dá kan ń jẹ lójúmọ́, kí a yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ ìdá 10 tàbí 20 tàbí 30 nínú 100, kí a sì rí i dájú pé èròjà amúaradàgbà, fítámì, irin, kálísíọ̀mù àti omi kò dín sí ohun tí ara nílò. Agbára nìkan ni a ń dín. Nítorí ìdí èyí ni a ṣe máa ń fi fítámì àti àwọn èròjà mìíràn kún oúnjẹ àwọn ẹranko tí a ń lò fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, kí ara wọn má baà ṣe aláìní ohunkóhun bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ wọn kéré.

Ààwẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ mọ́ àkókò. Mùsùlùmí tó ń gba ààwẹ̀ Ramadan, àti Kìrìsìtẹ́nì tó ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tàbí ti ogójì ọjọ́, ń yan wákàtí tí òun kò ní jẹun, ó sì ń ṣe é nítorí ohun tó wà láàrin òun àti Ọlọ́run, èyí tí sáyẹ́ǹsì kò ní àṣẹ lé lórí. Bí ilẹ̀ bá wá ṣú, tí ó fi oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́ jẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálórì rẹ̀ kò dín. Àwọn onímọ̀ kan ń ṣe ìwádìí lórí wákàtí ìjẹun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka mìíràn nìyẹn.

Ebi ni ìgbà tí agbára àti èròjà aṣaralóore bá jọ dín, yálà ẹni náà fẹ́ tàbí kò fẹ́. A mọ ohun tí ebi ń ṣe fún ọkàn ènìyàn, nítorí pé láàrin ọdún 1944 sí 1945, Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà gba ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà dín oúnjẹ wọn kù gidigidi, kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń tọ́jú àwọn tí ogun ti fi ebi pa ní Yúróòpù. Àwọn ọkùnrin náà pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Òtútù ń mú wọn ṣáá, inú tètè ń bí wọn, ìbànújẹ́ dorí wọn kodò, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń lá àlá rẹ̀ lóru. Wọ́n ní àwọn kò lè pọkàn pọ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánwò làákàyè tí a fún wọn kò fi ìyàtọ̀ púpọ̀ hàn. Ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le ni gbogbo wọn o, kì í ṣe arúgbó.

Ẹ̀rí mìíràn wà tó fi hàn pé kálórì ọ̀tọ̀, ìṣaralóore ọ̀tọ̀, ọmọ Èkìtì ló sì wà nídìí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, tí a bí ní 1935, tó di àgbà oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ara ní Yunifásítì Ìbàdàn, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí àrùn kan tó ń yọ àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́ lẹ́nu. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn náà ń kú, wọn kò lè dúró ṣánṣán mọ́, ojú àwọn kan nínú wọn ń ṣú, etí àwọn mìíràn sì ń di. Ikùn wọn kò ṣófo: gbágùúdá ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, kálórì tó wà nínú rẹ̀ sì tó wọn. Ohun tí Ọ̀ṣuntókun so àrùn náà mọ́ ni májèlé sáyánáìdì tó ń ṣẹ́kù nínú gbágùúdá tí a kò ṣe dáadáa, pẹ̀lú àìtó èròjà amúaradàgbà tí ara ì bá fi borí májèlé náà. Ènìyàn lè yó kí iṣan ara rẹ̀ máa bàjẹ́. Bí a bá ti lóye èyí, kò ní ṣòro láti gbà pé ẹlòmíràn lè jẹ kálórì tó dín díẹ̀ kí ara rẹ̀ má sì ṣe aláìní ohun kan, nǹkan yìí gan-an ni àwọn olùwádìí ń wá.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ní 1935, Clive McCay ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn eku tí òun dín oúnjẹ wọn kù, láìdín fítámì wọn kù, pẹ́ láyé ju àwọn tó ń jẹ bó ṣe wù wọ́n lọ. Láti ìgbà náà ni a ti tún un ṣe lọ́nà púpọ̀, lára kòkòrò, lára eṣinṣin, lára eku, èsì rẹ̀ sì máa ń jọra lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ti ọpọlọ, eku àgbà tí oúnjẹ rẹ̀ ti dín láti kékeré sábà máa ń rántí ọ̀nà ju eku àgbà tó ń jẹ àjẹyó lọ. Nínú eku tí a ti yí àbùdá wọn padà kí ọpọlọ wọn lè kó irú ìdọ̀tí amyloid tí a ń bá nínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó kan, àwọn tí oúnjẹ wọn dín máa ń kó ìdọ̀tí náà díẹ̀.

Ìdí kan wà tí kò fi yẹ kí a sáré mú èsì eku lé orí ènìyàn. Ní 2010, ìwádìí kan lórí ìran eku 41 fi hàn pé nígbà tí a dín oúnjẹ wọn kù ní ìdá 40 nínú 100, ìran tí ẹ̀mí wọn kúrú sí i pọ̀ ju ìran tí ẹ̀mí wọn gùn sí i lọ. Bí a ti bí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan kó ipa níbẹ̀. Ní 2024, ìwádìí mìíràn tí a fi eku 960 ṣe tún sọ ohun kan tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo wa fi sọ́kàn: ní ìpíndọ́gba, àwọn tí oúnjẹ wọn dín jù ló pẹ́ jù láyé, ṣùgbọ́n láàrin àwọn tí oúnjẹ wọn dín bákan náà, àwọn tí ìwọ̀n ara wọn kò já púpọ̀ ló pẹ́ ju àwọn tó rù lọ. Rírù kọ́ ni ohun tó ṣe wọ́n lóore.

Ọ̀bọ rhesus sún mọ́ ènìyàn ju eku lọ. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń lo nǹkan bí ọdún 26 lábẹ́ ìtọ́jú, irun wọn máa ń funfun, wọ́n máa ń ní ìtọ̀ ṣúgà, ọpọlọ wọn sì máa ń sún kì bí wọ́n bá ti ń dàgbà. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí lórí ọjọ́ ogbó, National Institute on Aging, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí wọn ní 1987, Yunifásítì Wisconsin sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1989. Ibi méjèèjì ni a ti dín oúnjẹ àwọn kan nínú wọn kù ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100, tí a sì fi àwọn ìyókù sílẹ̀ fún àfiwé. Ní 2009, àwọn ti Wisconsin jáde pé àwọn ọ̀bọ tó ń jẹ díẹ̀ kò tètè ní àrùn ọjọ́ ogbó, àti pé àwòrán ọpọlọ wọn fi hàn pé àwọn apá kan nínú ọpọlọ, pàápàá àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ tó ń darí ìrìn àti ìṣísẹ̀, kò sún kì tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Inú gbogbo ayé dùn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 2012, ilé iṣẹ́ kejì sọ pé àwọn ọ̀bọ tiwọn tó ń jẹ díẹ̀ kò pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin èsì méjèèjì dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wúlò jù fún wa wà. Ní 2017, ẹgbẹ́ méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n kó àkọsílẹ̀ wọn jọ, wọ́n sì ṣàlàyé. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀bọ ní Wisconsin jẹ́ èyí tí a ṣe láti inú èròjà tí a ti yọ́ mọ́, ṣúgà inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá 28 nínú 100. Ti ilé iṣẹ́ kejì jẹ́ láti inú ọkà, ẹja àti àwọn nǹkan oko, ṣúgà inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá 4 lọ. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọ̀bọ tí a fi ṣe àfiwé ní Wisconsin ń jẹ tó bí wọ́n bá ṣe fẹ́, nígbà tí àwọn ti ilé iṣẹ́ kejì ń jẹ ìwọ̀n tí a bù fún wọn kí wọ́n má baà sanra jọ̀kọ̀tọ̀. Lọ́rọ̀ kan, ẹni tó ti ń jẹ oúnjẹ gidi ní ìwọ̀n tó yẹ kò rí èrè púpọ̀ nínú pé kí a tún dín in. Ẹni tó ń jẹ ṣúgà ní àjẹjù ló rí èrè ńlá. Ọjọ́ orí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dín in náà ṣe pàtàkì, nítorí pé ìdínkù tí a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀bọ ṣì kéré kò fa ẹ̀mí rẹ̀ gùn, àwọn tí a bẹ̀rẹ̀ tiwọn nígbà tí wọ́n ti dàgbà ló rí oore níbẹ̀.

Ìròyìn tó ń lọ káàkiri báyìí wá láti inú irú àwọn ọ̀bọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Boston yẹ ọpọlọ àwọn ọ̀bọ tó ti jẹ oúnjẹ tí a dín ní ìdá 30 fún ohun tó lé ní 20 ọdún wò lẹ́yìn ikú wọn, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ara ọpọlọ aláwọ̀ funfun ni wọ́n gbájú mọ́. Kí ẹ lè mọ ohun tó jẹ́, ọpọlọ ní apá tó dàbí eérú, níbi tí sẹ́ẹ̀lì tó ń ronú wà, ó sì ní apá funfun, tó jẹ́ ìdìpọ̀ àwọn okùn tóńtó tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti apá kan lọ sí apá mìíràn. Ọ̀rá kan tí a ń pè ní myelin ló yí okùn kọ̀ọ̀kan ká, gẹ́gẹ́ bí rọ́bà ṣe yí wáyà iná ká: bí rọ́bà náà bá ya, iná á máa ṣe ségesège. Ọjọ́ ogbó máa ń ya ọ̀rá yìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa hun ọ̀rá náà, àwọn mìíràn sì wà, tí orúkọ wọn ń jẹ́ microglia, tí iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ ọpọlọ kí wọ́n sì máa kó ìdọ̀tí kúrò. Bí àjákù ọ̀rá bá pọ̀ jù fún àwọn wọ̀nyí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná sódì, wọ́n á sì máa ba ibi tó dára jẹ́. Nínú àwọn ọ̀bọ tó ń jẹ díẹ̀, àbùdá tó ń darí ìhun ọ̀rá náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmì ìgbónásódì sì kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ìyẹn dára. Kò túmọ̀ sí pé àwọn ọ̀bọ náà gbọ́n sí i, nítorí pé ohun tí a rí nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀, ìwà àti ìrántí ọ̀tọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ka ìkíní sí ìkejì láìtíì dán an wò.

Ẹranko kékeré kan tún wà, lémọ̀ olójú ńlá tí ó wà ní Madagascar, tí a ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Èsì rẹ̀ jáde ní 2018, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ ọ́n. Dídín oúnjẹ wọn kù ní ìdá 30 mú kí ọjọ́ ayé wọn gùn láti nǹkan bí ọdún 6.4 sí 9.6, tó jẹ́ àfikún ìdajì. Wọn kò tètè ní àrùn jẹjẹrẹ àti ìtọ̀ ṣúgà. Apá funfun ọpọlọ wọn kò tètè gbó, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lára àwọn ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n apá aláwọ̀ eérú ń sún kì kíákíá ju ti àwọn tó ń jẹ àjẹyó lọ, pàápàá nígbà tí wọ́n ti darúgbó. Ìdánwò ìrántí wọn kò tíì fi àbùkù hàn, síbẹ̀ kò sí bí a ṣe lè fojú fo èsì bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà tó ń dáàbò bo apá kan lè máa ná apá kejì lówó lára.

Kí ló dé tí oúnjẹ díẹ̀ fi lè ṣe gbogbo èyí? Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ òun ló ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 agbára tí ara ń lò nígbà ìsinmi. Ibi tí a ti ń lo agbára púpọ̀ tó báyìí ni èérí rẹ̀ ti ń pọ̀. Nígbà tí kálórì bá dín díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ínsúlíìnì, èròjà tí ara fi ń darí ṣúgà náà, á wálẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì á sì mọ̀ pé kì í ṣe àsìkò àpọ̀jù ni àwọn wà. Wọ́n á fi ìdàgbàsókè sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ohun tó ti gbó nínú ara wọn palẹ̀, wọ́n á sì fi àjákù wọn ṣe tuntun. Iṣẹ́ yìí ni Yoshinori Ohsumi ti ilẹ̀ Japan ṣàwárí bó ṣe ń lọ, tí ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2016. Ara tún máa ń pèsè àwọn èròjà kan tó ń ràn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lọ́wọ́ láti dúró àti láti so mọ́ ara wọn. Fún ènìyàn bíi tiwa, mo gbà pé ọ̀nà tó ṣe pàtàkì jù ni ti òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń ba àwọn òpó tóńtó tó ń bọ́ ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún kí ìgbàgbé tó hàn síta, dídín àpọ̀jù kálórì kù sì ń rọ ọwọ́ àwọn méjèèjì.

Lára ènìyàn, ìwádìí kò tíì pẹ́ tó ti ọ̀bọ. Ní ìlú Münster ní Jámánì, a pín àgbàlagbà 50 tí ara wọn le, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 60 ní ìpíndọ́gba, sí ọ̀nà mẹ́ta. A ní kí ẹgbẹ́ kan dín kálórì kù ní ìdá 30 fún oṣù mẹ́ta. Èsì tó jáde ní 2009 fi hàn pé ìrántí ọ̀rọ̀ wọn sàn ní nǹkan bí ìdá 20, àwọn tí ínsúlíìnì wọn wálẹ̀ jù ló sì sàn jù. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sanra díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ìwádìí tó tóbi jù nínú irú rẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní CALERIE, ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 218 tí wọn kò sanra jọ̀kọ̀tọ̀, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 21 sí 50, ló kópa fún ọdún méjì. A ní kí àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ìdínkù yọ ìdá 25 kúrò nínú oúnjẹ wọn. Pẹ̀lú gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n rí gbà, nǹkan bí ìdá 12 ni wọ́n rí yọ. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́, ìdá 12 jẹ́ 240, èyí tó tó epo pupa ṣíbí ńlá méjì péré. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀, ìwọ̀n ara wọn wálẹ̀, inú wọn dùn sí i, ẹ̀ka kan nínú ìrántí wọn sì sàn díẹ̀. Egungun ìbàdí àti ti ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú fúyẹ́ díẹ̀, iṣan wọn sì dín. Ẹni ọdún 35 lè fara da ìyẹn. Ìyá àgbà ẹni ọdún 75 tó bá yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́, lè má dìde mọ́.

Àwọn kan á ní, ṣé àwọn baba wa kò ti ń jẹ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, ìyẹn ṣíṣarán, kò sì pọ̀ láàrin wọn? Ìbéèrè yẹn bọ́gbọ́n mu, ó sì mú wa padà sí ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun. Òun pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana wà lára àwọn tó dá ìwádìí kan sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, láti fi àwọn Yorùbá tó ti lé ní 65 ọdún ní Ìbàdàn wé àwọn ènìyàn dúdú ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianapolis. Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù sì bá iṣẹ́ náà lọ. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, ó hàn pé lọ́dọọdún, nǹkan bí 1.35 nínú 100 àwọn ará Ìbàdàn ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán, nígbà tó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Àwọn ará Ìbàdàn náà kì í sanra púpọ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò sì wọ́pọ̀ láàrin wọn tó ti òkè òkun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dín oúnjẹ wọn kù fún ìwádìí; wọ́n ń rìn, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń gbé láàrin ọmọ àti ẹbí, a kò sì lè fa oúnjẹ nìkan yọ nínú gbogbo èyí kí a sọ pé òun ni ìdí.

Nítorí náà, bí ẹni ogójì tàbí àádọ́ta ọdún ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìjerò bá bi mí, n óò sọ fún un láìsí iyèméjì pé kí ó dín àpọ̀jù kù: ẹlẹ́rìndòdò lójoojúmọ́, òróró tí a fi ń dín gbogbo nǹkan, òkèlè tó ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja gba àyè tí òkèlè fi sílẹ̀ nínú àwo. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ sọ ní 2024 pé nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ló ṣeé dènà tàbí dá dúró díẹ̀ bí a bá mójú tó ohun 14, tí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àsanjù àti àìṣe eré ìdárayá ní àárín ọjọ́ ayé wà lára wọn. Ìgbà tí ènìyàn ṣì lágbára ni iṣẹ́ ọpọlọ àgbà ń bẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn òbí wa tó ti lé ní 70, ọ̀rọ̀ náà yí padà, mo sì ń fi gbogbo ọkàn bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n gbọ́ èyí. Iṣan àgbàlagbà ń dín fúnra rẹ̀, ẹnu kì í fẹ́ oúnjẹ mọ́ bíi ti àná, eyín ti lọ, owó sì lè máà tó; ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ṣe aláìní ni ẹyin, ẹja, mọ́ínmọ́ín àti wàrà, kì í ṣe ìdínkù. Èyí tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà nínú wọn kò gbọdọ̀ fo oúnjẹ láìsọ fún dókítà, nítorí pé bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá já lulẹ̀ jù, ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀, ó sì lè dákú. Lẹ́yìn èyí, ẹ má ka àgbàlagbà tó ń rù láìsí ìdí sí ẹni tó ń jẹun níwọ̀n. Rírù bẹ́ẹ̀ máa ń ṣáájú àrùn ìgbàgbé fún ọdún díẹ̀ nínú àwọn mìíràn, ó sì lè jẹ́ àmì àrùn tó yàtọ̀ sí i pátápátá. Bí ìyá tó wọn kílò 60 bá ti di 57 tàbí kí ó tún kéré sí i láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, tí kò sì sí ẹni tó ní kí ó dín oúnjẹ kù, ó yẹ kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, yálà ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì tàbí ti yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Adó, kí ẹ sì sọ ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí fún dókítà.